Ìkómọjáde Orin Kan ní Park Forest

Nígbà tí orin kan náà kú mọ́ Bàbá Emlyn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù méjì, Kàfáyàtù gbé abọ́ ọ́ọ̀tì tó fẹ́ fún un jẹ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ní, “Haa! Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣojú lásán mọ́.”

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kàfáyàtù náà mọ̀ pé orin kì í kú. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, láti Matteson tó ń gbé títí dé Calumet City. Ó ti tọ́jú ẹni tó ń bá tẹlifíṣọ̀n jà. Ó ti tọ́jú ìyá kan tó máa ń fi eyín àtọwọ́dá pamọ́ sínú bàtà, tí yóò sì ní aládùúgbò ló jí i. Ṣùgbọ́n arúgbó tó ń ṣọ̀fọ̀ orin, tó ń fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, tó ń kọ oúnjẹ fún odindi ọjọ́ méjì, àfi ti Park Forest yìí.

Emlyn Prosser lorúkọ bàbá náà. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni, ọmọ ilẹ̀ Wélsì, ilẹ̀ olókè kan tó fara ti ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí inú sì máa ń bí wọn bí ẹ bá pè wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó dé Chicago, ó ń ya àwòrán afárá fún ilé iṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ọkàn rẹ̀ wà ní ṣápẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àwọn ará ìlú rẹ̀, níbi tó ti tẹ dùùrù fún ogójì ọdún, títí àwọn ọmọ ìjọ fi ṣẹ́ ku mẹ́rin, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ báàsì, olóhùn ìsàlẹ̀. Wọ́n ta ilé náà fún àwọn tó ń kọ́ ènìyàn ní ẹ̀ṣẹ́ jíjà. Bàbá gbé dùùrù kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí, wá sílé, ó fi í sí pálọ̀.

Ohùn orin ìsìn ni bàbá ń ṣe. Kì í kọ ọ̀rọ̀ o. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń ṣe ohùn yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì lè má fojú kanra títí ayé. Ohùn ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ ìlú ni wọ́n sì sábà máa ń sọ ọ́. Ìlú tí wọ́n bá bí ọ sí, tàbí tí o ti sùn rí, tàbí tí òjò ti pa ọ́ rí, o lè sọ ohùn ní orúkọ rẹ̀. Bàbá ní ìwé dúdú ńlá kan tí ohùn irínwó ó lé mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ lo gbogbo abúlé tó yí ibi tí wọ́n bí i sí ká, àwọn orúkọ tí Kàfáyàtù kò lè pè láì tutọ́ díẹ̀. Nígbà tí abúlé tán, ó bọ́ sórí Illinois. Park Forest wà níbẹ̀. Matteson wà níbẹ̀, ó yá díẹ̀. Calumet City ń falẹ̀ gan-an, nítorí inú mọ́tò ló ti ṣe é, níwájú ilé ìtajà, níbi tó ti ń dúró de ìyàwó rẹ̀ olóògbé tó lọ ra bàtà. Kí Kàfáyàtù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti lo ibùdó ọkọ̀ ojú irin méjì àti ilé apòògùn kan. Ohùn tí kò bá ní orúkọ kì í wọ ìwé. Ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé, kì í ṣe ti bàbá.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà, nítorí ìgbàgbé ti ń bá bàbá jà.

Ní àkọ́kọ́, Kàfáyàtù ń nu ilẹ̀ ilé ìdáná lọ́wọ́ nígbà tí bàbá ké sí i. “Káfì, wá gbọ́ ohun tó wá bá mi láàárọ̀ yìí!” Ó tẹ̀ ẹ́ fún un. Ẹ gbọ́, Kàfáyàtù kò mọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Àmọ́ orí rẹ̀ wú. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igi ìnulẹ̀ lọ́wọ́, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Bàbá kọ ohùn náà sínú tákàdá, ó fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, ó ní òun ń wá orúkọ. Kò rí orúkọ tó bá a mu. Ó ní gbogbo ìlú tí òun mọ̀ ti tán, kò sì yẹ kéèyàn fi orúkọ ìlú tí kò dé rí sọ irú ohùn yìí.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó gbé tákàdá náà, ó tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. “Mo mọ ohùn yìí,” ó ní. “Mo ti gbọ́ ọ rí. Ti ẹlòmíràn ni. Olè ni mo jà.” Kí Kàfáyàtù tó nu ọwọ́, ó ti fa tákàdá ya, ó ti jù ú sínú ilé ìgbẹ́, ó ti fa omi lé e. Ó jókòó sínú òkùnkùn, ó ń sunkún pé òun sọ ara òun di olè lọ́jọ́ alẹ́ òun. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó gbàgbé, ó jẹun. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó tún ké: “Káfì, wá gbọ́ ohun tó wá bá mi láàárọ̀ yìí!” Ohùn yẹn náà ni. Apá kò dín, ẹsẹ̀ kò dín.

Kàfáyàtù kì í ṣe òmùgọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà á sínú fóònù rẹ̀. Nígbà tí bàbá tún ní olè ni òun, ó tẹ fóònù fún un kó gbọ́, kó lè rí i pé ilé rẹ̀ níbí ló ti ṣe é, àní ikọ́ rẹ̀ ń dún nínú rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ, ó fọwọ́ bo ẹnu. “Yéè! Ó ti wà nínú rédíò!” Lọ́jọ́ yẹn ó tiẹ̀ fẹ́ pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá mú òun. Lẹ́ẹ̀kẹta, Kàfáyàtù la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un: “Bàbá, ìdí tí ẹ fi mọ̀ ọ́n ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe é lóṣù tó kọjá.” Bàbá wò ó tàánú-tàánú. Ó ní, “Káfì, èèyàn dáadáa ni ẹ́. O fẹ́ bò mí láṣìírí.”

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ohun tó ń wá, tó ń lọ, tó tún ń fi ojú kan náà padà wá, tó ń pa òbí rẹ̀ lẹ́kún, ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè é? Kàfáyàtù mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lọ sí Mẹ́kà, kò lè fi ẹnu Àlàájà pè é. Ó wọ bàtà, ó kọjá sílé kejì, lọ́dọ̀ Loretta.

Loretta yìí, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ó sì ti ń bọ òrìṣà láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Inú ìwé ló ti kọ́ Yorùbá. Ó ti pé ọdún méjì tí Kàfáyàtù ti ń yẹra fún un, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé níbi àpótí lẹ́tà ni Loretta máa ń kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí yìnyín, tí yóò ní, “Ẹ káàárọ̀ ma!” ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ó dàgbà ju Kàfáyàtù lọ. Ojú máa ń ti Kàfáyàtù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, òun ló kan ìlẹ̀kùn.

Loretta gbọ́ ìtàn náà tán, kò tiẹ̀ rò ó. “Àbíkú,” ó ní.

“Astaghfirullah!” ni Kàfáyàtù dá a lóhùn.

“Ẹ̀yin lẹ wá bá mi o, ma.” Loretta fa ìwé kékeré kan yọ, ó ṣí i. Àwọn ohun tí Kàfáyàtù ti gbàgbé láti Ìsẹ́yìn, Loretta ti kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ó ní ẹ máa fún un ní orúkọ tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ó ní ẹ máa kó èèyàn jọ tí yóò gbọ́ orúkọ náà. Ó ní ẹ máa fi àmì sí i lára, kí ẹ lè dá a mọ̀.

Kàfáyàtù jáde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo lórí: orúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá ọmọ kì í dá nìkan sọ ọmọ lórúkọ. Ìdí tí bàbá kò fi rí orúkọ nìyẹn: ó ń dá iṣẹ́ ogún ènìyàn ṣe. Bí orúkọ bá sì wà, ohùn á wọ ìwé, bàbá kì í sì í fa ohun tó wà nínú ìwé ya láé.

Ohùn náà tún dé ní òwúrọ̀ Àìkú kan. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ tán ni Kàfáyàtù gba tákàdá lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá, lọ́dọ̀ wa, a kì í gbé ọmọ tuntun síta títí di ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ kẹjọ làwọn èèyàn máa wá sọ ọ́ lórúkọ.”

Bàbá rò ó. “Ṣé wọ́n á kọrin?”

“Wọ́n á kọrin.”

“Ní ohùn mẹ́rin?”

Kàfáyàtù rántí àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ ní Matteson. Ohùn méjì péré ló mọ̀ pé wọ́n ní: ariwo, àti ariwo ńlá. “Mẹ́rin pé perepere, Bàbá,” ó ní. Kí Ọlọ́run forí jì í.

Ó fi tákàdá náà pamọ́ sínú báàgì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí bàbá bá béèrè rẹ̀, á ní, “Ó ń sùn.” Bàbá á sì rẹ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, á máa fi ìka ẹsẹ̀ rìn nínú pálọ̀.

Ó ku Alfa. Abdulmumin ni alfa ẹgbẹ́ wọn, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ló ń wà, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tí Kàfáyàtù pè é pé ìkómọ wà ní Park Forest lọ́jọ́ Àìkú, inú rẹ̀ dùn. “Màṣá Allah! Ọkùnrin ni àbí obìnrin?”

“Alfa, orin ni.”

“Sister Kàfáyàtù, wait. Orin báwo?”

Ó ṣàlàyé. Alfa ní kò ṣeé ṣe, pé kí ló kan òun kan orin ṣọ́ọ̀ṣì. Kàfáyàtù ní kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ohùn lásán ni. “Kí la máa wá máa kọ?” “Dò, re, mí.” Alfa ní òun á yẹ ìwé wò. Lọ́jọ́ kejì ó pè padà, ó ní òun ti wá inú ìwé tì, òun kò rí ibi tí wọ́n ti ka dò re mí léèwọ̀, pé òun á wá, ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má pe àbíkú létí òun, kí wọ́n má sì ní kí òun pa àgbò fún orin. Ta ló tilẹ̀ ní àgbò?

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ìyá mọ́kànlá ló wọ ilé bàbá lẹ́yìn ìrun àyìlá. Sìmíátù nọ́ọ̀sì, tí ohùn rẹ̀ lè jí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oorun, kò ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí Kàfáyàtù fi pè wọ́n dé ìsàlẹ̀. Ó ti rí “ìkómọ” lórí fóònù, ó sì ti sáré lọ Calumet City ra páálí páńpá ìlédìí ọmọdé kan àti fìlà kékeré aláwọ̀ pupa. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé orin ni ọmọ náà, ó ṣe hàà. “Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò lè sọ fún mi? Wọn ò ní gba páńpá yìí padà lọ́wọ́ mi o!” Ó gbé fìlà náà lé orí dùùrù. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ó ní ó bá a mu.

Bàbá wọ kóòtù, ó wọ wésíkóòtì, ó de táì. Ó pín wọn sí ohùn mẹ́rin, láti òkè wá sísàlẹ̀: àwọn wọ̀nyí tírẹ́bù, àwọn wọ̀nyẹn áàtò, Loretta tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ di tẹ́nọ̀, Alfa nìkan sì ni báàsì. Lẹ́yìn náà ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Sìmíátù ní kó máa jẹ́ Bàrákátù. Ẹnì kan ní Ayọ̀délé. Alfa fọ ọ̀fun, ó ní bó bá jẹ́ pé dandan ni, kí wọ́n pè é ní Abdulqowiyy. Gbogbo èyí tí wọ́n bá dá, bàbá á béèrè pé, “Níbo nìlú yẹn wà?” Bí wọ́n bá ní kì í ṣe ìlú, á mi orí. Wọ́n dá orúkọ mẹ́rìndínlógún. Ó mi orí mẹ́rìndínlógún. Kàfáyàtù rí i pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bí ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

“Málọmọ́,” ni Kàfáyàtù sọ.

Alfa wo àjà. Loretta nìkan ló dáhùn: “Àṣẹ!”

“Níbo ni Málọmọ́ wà?” bàbá béèrè.

“Kì í ṣe ìlú, Bàbá.” Ó sún mọ́ ọn. “Ọmọ tó ń wá tó ń lọ la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. À ń bẹ̀ ẹ́ ni. À ń sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, kó má lọ mọ́.”

Ètè bàbá ń mì. Ó ń pe orúkọ náà sínú, ó ń pè é lọ, ó ń pè é bọ̀. Àánú ṣe Alfa, ó ní, “Ó dáa, orúkọ lásán ni. Mo mọ Málọmọ́ méjì tó ti lọ sí Mẹ́kà.” Bàbá fa ìwé dúdú sọ́dọ̀, ó fi yíǹkì kọ ọ́ sí òkè ojú ewé tuntun, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Kàfáyàtù ń fi ìka tọ́ka ibi tí àmì wà.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kejì, níbi tó yẹ kí gbogbo tírẹ́bù sọ̀ kalẹ̀, Sìmíátù gòkè. Bàbá dúró, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, Sìmíátù tún gòkè, ó tiẹ̀ dìde sí i. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, bàbá lu dùùrù, ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun ní orin ní Wélsì ìbá ti na obìnrin yìí lẹ́gba. Sìmíátù ní bóun ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè na òun.

“Àmì ara rẹ̀ nìyẹn,” ni Loretta sọ. “Ẹ fi sílẹ̀.”

“Fífi àmì sí ara kò tọ́,” ni Alfa sọ.

“Orin kò ní ara, Alfa.”

Alfa rò ó fún ìgbà díẹ̀. “Òótọ́ ni,” ó ní.

Bàbá kò gbà. Ó ní láéláé, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ohùn irínwó ó lé mẹ́jọ tí òun ti ṣe. Ó wá yíjú sí Kàfáyàtù bí ọmọdé. “Káfì, bí mo bá gbà á, ṣé kò ní lọ mọ́?”

“Kò ní lọ mọ́, Bàbá.”

Ó kọ àṣìṣe náà sínú ìwé pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n sì kọ ohùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣeé ṣe. Àwọn tírẹ́bù ń pariwo, àwọn áàtò ń pariwo ńlá, Loretta ń mì jìgìjìgì, ohùn Alfa wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn bí ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Bàbá kò tẹ dùùrù mọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń darí wọn, ojú rẹ̀ ń dán, ó sì jẹ abọ́ ìrẹsì méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Ohùn náà dúró. Ó di irínwó ó lé mẹ́sàn-án nínú ìwé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bàbá ṣí i, ó rí orúkọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ìwé dé. Kò fa nǹkan kan ya. Kò sunkún. Kò tún ké sí Kàfáyàtù mọ́ pé ohùn tuntun dé.

Àwọn ìyá àsàlátù gbé ohùn náà lọ sí Matteson, wọ́n ń fi dò re mí kọ ọ́ bí wọ́n bá ń gé àlùbọ́sà. Sìmíátù ń kùn ún ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní Alfa ń kọ báàsì nìkan nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti Chicago dé Memphis. Kàfáyàtù ń kọ ọ́ bó bá ń fọ abọ́ lọ́dọ̀ bàbá.

Ìgbà òjò dídì tún dé. Bàbá kò mọ orúkọ Kàfáyàtù mọ́, “Màdáámù” ló ń pè é. Ó ń gbé kọ́ọ̀pù lé dùùrù bí ẹni gbé e lé tábìlì, kò ṣí i. Kàfáyàtù ń fọ abọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ó gbọ́ tí bàbá ní, “Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe ohùn yẹn?”

Ó yíjú padà. “Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Èmi náà gbìyànjú irú iṣẹ́ yẹn rí, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ọwọ́ mi kò tó ibẹ̀ yẹn.”

Ó dun Kàfáyàtù wọnú egungun. Wọ́n kó èèyàn jọ, wọ́n bẹ ọmọ pé kó má lọ, ọmọ sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí bẹ bàbá.

“Ṣé ẹni tó ṣe é ṣì wà láàyè?” bàbá béèrè.

“Ó wà láàyè, sà.”

“Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé arúgbó kan gbọ́ ọ, ó sì bá a lára mu.”

Kàfáyàtù nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Ó rìn lọ síwájú àga bàbá, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Bàbá,” ó ní, “arúgbó kan ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ní òun gbọ́ ohùn tí ẹ ṣe, ó sì bá òun lára mu.”

Bàbá wò ó, inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í díẹ̀. “Èwo nínú wọn?” ó béèrè.

Kàfáyàtù gbé ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.